Ọbẹ̀ Tútù Onípíà: Ewé Efinrin, Ọsàn Wẹ́wẹ́ àti Ẹja Díndín

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹ̀yin aláta, ẹ̀yin tí ẹ ń ta èso, ẹ̀yin tí ẹ ń din àkàrà lẹ́bàá títì, gbogbo yín la bá wí lónìí, nítorí ohun tí a fẹ́ sọ yìí kan ìsọ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ń dùn wá. Bí òjò bá ti dé dáadáa, píà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà wa ní Àyèká, àpò lórí àpò, láti oko Ìkálẹ̀ káàkiri. Ní ọjọ́ tó dé, ó le bí òkúta, kò sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ìkẹrin, gbogbo rẹ̀ á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lóru. Ọjọ́ tó bá tẹ̀ lé e, ààtàn ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ta píà mẹ́ta ní iye ẹyọ kan nírọ̀lẹ́, kó má bàa jẹ́ pé a ru ìdọ̀tí lọ sílé. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ńkọ́? Ẹni tó ń ṣe àgbo rà mẹ́ta, ẹni tí ikọ́ ń ṣe rà méjì, ìyókù gbẹ sínú agbọ̀n, ó le kankan.

Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ẹ wo àwọn ọmọ wa tó ń lọ Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù ní Òkìtìpupa, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti Èkó wálé ọdún. Bí wọ́n bá ra ẹja sísun, tàbí ṣàwámà, tàbí dùǹdún pàápàá, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ni, "Mà, kírímù ńkọ́?" Kírímù tí wọ́n ń wí yìí, inú ìgò mayonnaise ló ti ń jáde. Ìgò ọ̀hún kò sì rọ̀ lówó, àwọn oníṣọ́ọ̀bù la ń rà á lọ́wọ́ wọn, èrè rẹ̀ kò dúró sọ́jà wa.

Ọmọbìnrin kan ló la ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Ó wá ra ẹja díndín lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wa, ó ní òun jẹ ẹja kan ní Èkó tí wọ́n fi nǹkan pẹlẹbẹ bíi búrẹ́dì ká, táko ni wọ́n ń pè é, oúnjẹ àwọn ará Mẹ́ksíkò. Ó ní ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé kan wà lórí rẹ̀, ó kan díẹ̀, ó ń ta sánsán, ó sì ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun. A bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Ó ní, "Píà ni, mà, wọ́n wá fi ewé kan àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí i." Ẹlẹ́ja wo ẹlẹ́so, ẹlẹ́so wo ẹlẹ́ja, a bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń wọ mọ́tò lọ jẹ ní Èkó, àwa là ń dà á sáàtàn.

Láti ọjọ́ náà la ti ń wádìí, tí a sì ń dán an wò nílé ara wa. Ohun tí a rí la fẹ́ kọ síbí.

ÀWỌN ARÁ MẸ́KSÍKÒ ÀTI ÀWA

Orílẹ̀-èdè Mẹ́ksíkò bá Amẹ́ríkà pààlà ní ìhà gúúsù. Bí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun, ẹ ó rò pé ìbátan wa ni wọ́n. Àgbàdo ni olórí oúnjẹ wọn. Wọ́n á se àgbàdo gbígbẹ nínú omi tí wọ́n po ẹfun mọ́, ẹfun tí wọ́n ń sun lára òkúta, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á wá yan án lórí agbada gbígbẹ tí kò lépo. Tòtíyà lorúkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá ká a mọ́ ẹran tàbí ẹja tàbí ẹ̀wà, ó di táko. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní tàmálè: àgbàdo lílọ̀ ni, wọ́n á pọ́n ọn sínú háhá àgbàdo tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi ooru sè é. Ẹni tó bá ti pọ́n ẹ̀kọ tàbí mọ́ínmọ́ín rí kò ní béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àgbàdo fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn àgbẹ̀ ní gúúsù Mẹ́ksíkò ló sọ koríko ìgbẹ́ kan di àgbàdo díẹ̀díẹ̀. Ata ṣọ̀ǹbọ̀ àti tàtàṣé, ibẹ̀ náà ni. Ata rodo jẹ́ ìbátan wọn láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní habanero wà ní ìhà Yucatán ní Mẹ́ksíkò tí wọn kì í fi ṣeré rárá. Lẹ́yìn ọdún 1492 tí ọkọ̀ àwọn ará Sípéènì ti gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irúgbìn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í la òkun kọjá, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Píà náà, ọmọ ibẹ̀ ni. Àwọn Aztec tó ń gbé Mẹ́ksíkò kí òyìnbó tó dé ń pè é ní ahuacatl ní èdè Nahuatl tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ń pe ọbẹ̀ ní molli. Wọ́n wá so méjèèjì pọ̀, ó di ahuacamolli, ọbẹ̀ píà nìyẹn. Òun ni ayé ń pè ní guacamole lónìí.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni kì í ṣe tiwọn. Ìhà Éṣíà lọ́hùn-ún ló ti wá, àwọn Lárúbáwá gbé e rìn, àwọn ará Sípéènì ló wá gbé e dé Amẹ́ríkà. Wàrà màlúù náà bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ọmọ ogun Sípéènì tí Cortés ṣáájú wọn tó gúnlẹ̀ sí Mẹ́ksíkò ní 1519, kò sí màlúù kan ṣoṣo ní ilẹ̀ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi eléyìí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ló mú wa kọ ìwé yìí. Lára ohun tó ń mú ọbẹ̀ wọn kì, tó ń mú un yọ̀ lẹ́nu kó tó di pé wàrà dé ni píà wà. Nítorí náà, ẹni tí kò lówó kírímù inú ìgò kò tíì pàdánù nǹkan kan. Èyí tó kọ́kọ́ wà gan-an ló wà lórí àtẹ rẹ̀ yẹn.

Ní ìlú Ensenada, létí òkun ní Baja California ní Mẹ́ksíkò, ẹja ni wọ́n fi ń ṣe táko tiwọn. Wọ́n á po ìyẹ̀fun mọ́ ẹja, wọ́n á dín in nínú òróró gbígbóná, wọ́n á ká tòtíyà mọ́ ọn pẹ̀lú kábéèjì tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á da ọbẹ̀ funfun tó kì lé e lórí, wọ́n á wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹni tó bá ń ta ẹja tó ń ti odò Ìlàjẹ wọ ọjà wa, ṣé ó wá yẹ kí eléyìí ṣòro fún un?

Kódà kò dìgbà tí a bá dé Mẹ́ksíkò. Ẹ lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu níbí, ní ilẹ̀ Dàhómì tó yí orúkọ padà sí Benin ní 1975. Wọ́n ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní móyò: tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tí wọ́n gé, tí wọ́n fún ọsàn kíkan sí, wọ́n á wá dà á lé ẹja díndín tàbí ẹja sísun lórí. Òun kò kì bí onípíà yìí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹja àti ọsàn wẹ́wẹ́ ti ń bára wọn ṣọ̀rẹ́ nítòsí wa tipẹ́.

ẸNI TÍ YÓÒ ṢE É, KÓ KỌ́KỌ́ MỌ PÍÀ YÀN

Píà kì í pọ́n lórí igi. Ìgbà tí wọ́n bá ká a tán ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Nítorí náà, ẹ yé é da gbogbo àpò sórí àtẹ kan. Bí ẹrù bá ti dé, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó le, èyí tó ń gbèrò àtirọ̀, èyí tó ti rọ̀. Èyí tó le, ẹ gbé e síbi tó tutù, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, yóò pẹ́ díẹ̀ sí i. Èyí tí ẹ bá fẹ́ kó tètè rọ̀, ẹ fi bébà wé e pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà á fa tiẹ̀ lọ́wọ́. Báyìí, kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ á rọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ká tilẹ̀ ní ẹ ò ní ṣe ọbẹ̀ kankan, ẹ ṣe èyí.

Àwọn kan ń lo kábáìdì, èyí tí àwọn wẹ́dà ń lò. A ò ní fi bò. Kábáìdì tó wà lọ́jà sábà máa ń ní ásénìkì nínú, májèlé ni, NAFDAC sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wa, kó jáwọ́.

Láti mọ èyí tó dára, ẹ má fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín, ibẹ̀ ló máa dúdú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ibi tí igi rẹ̀ ti já. Bí èékù igi kékeré bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ ṣí i: bí abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ó dára, bó bá ti pupa bí ilẹ̀, inú rẹ̀ ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ ó sì bá wa kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé, kí wọ́n má da èèpo píà àti ewé rẹ̀ fún ewúrẹ́. Ó máa ń ṣe ewúrẹ́ léṣe, pàápàá èyí tó ń fún ọmọ lọ́mú.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Píà ńlá méjì tó ti rọ̀ la ó fi ṣírò. Ọsàn wẹ́wẹ́ méjì, tàbí mẹ́ta bí omi wọn kò bá pọ̀. Ewé efinrin bíi mẹ́wàá. Ata rodo kan. Ìdajì àlùbọ́sà kékeré. Ìdajì àgbọn. Iyọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, omi ni àkọ́kọ́. Ọbẹ̀ yìí kò ní rí iná. Ohunkóhun tó bá wà nínú omi tí ẹ fi fọ ewé, inú oníbàárà ló ń lọ tààrà, gbogbo wa la sì mọ ohun tí onígbáméjì ń ṣe. Omi tí ẹ ti sè tó ti tutù, tàbí píọ̀ wọ́tà tó ní nọ́ḿbà NAFDAC lára, ni kí ẹ lò. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ ọlọ àti ọmọ ọlọ. Ẹ fọ ara píà kí ẹ tó gé e, nítorí ọ̀bẹ á gbé ìdọ̀tí ara èèpo wọ inú rẹ̀.

Àgbọn la ń kọ́kọ́ ṣe, torí ó gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ rin ín, ẹ bu omi gbígbóná bí ìdajì kọ́ọ̀bù lé e, ẹ jẹ́ kó jókòó díẹ̀, ẹ fún un, ẹ sẹ́ ẹ. Omi funfun tó jáde yẹn, ẹ gbé e kaná kó hó lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ bò ó kó tutù pátápátá. Ẹni tí kò rí àgbọn lè po mílíìkì oníyẹ̀fun kó ki, tàbí kó lo yọ́gọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà. Yọ́gọ́ọ̀tì ti kan tẹ́lẹ̀, kó dín ọsàn kù. Mílíìkì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ bá dà sí mílíìkì lójijì, pàápàá tó bá gbóná, yóò dì ní kókókó. Ẹ ti rí bí wàrà àwọn obìnrin Fúlàní ṣe ń dì tí wọ́n bá fi omi ewé bọmubọmu sí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ po ọsàn mọ́ píà kó wọra ná, kí mílíìkì wá dé kẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, ní tútù.

Ewé ló kàn. Àwọn ará Mẹ́ksíkò máa ń lo ewé kan tí wọ́n ń pè ní cilantro. Ọjà tiwa kò ní in, ṣùgbọ́n a ń ta ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀: èso rẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ kọ́rì. Efinrin la fi rọ́pò rẹ̀, efinrin sì lágbára jù ú lọ. Àwa tí a ń fi ewé se ọbẹ̀ marúgbó, ọwọ́ wa le sí ewé, a ò mọ̀ pé ó pọ̀ jù. Nínú èyí, ẹ fà á sẹ́yìn. Ewé mẹ́wàá fún píà méjì ti tó. Tó bá di ogún, àgbo ni ẹ ṣe yẹn. Ẹ já ewé kúrò lára igi rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rì í bọ omi tó ń hó kí ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ tètè yọ ọ́ sínú omi tútù. Ó máa ń jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ dúró, ó ń mú kíkorò rẹ̀ rọlẹ̀, ọkàn yín á sì balẹ̀ nípa ìdọ̀tí.

Àlùbọ́sà, ẹ rẹ́ ẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀ díẹ̀ kó má bàa ta lẹ́nu jù. Ata rodo, ẹ yọ kóró inú rẹ̀ bí ọmọdé bá máa jẹ níbẹ̀. Ọsàn, ẹ yí i lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lórí tábìlì kí omi rẹ̀ lè tú, ẹ là á, ẹ fún un sórí asẹ́. Kóró kan kò gbọ́dọ̀ wọlé, ó korò.

Nísinsin yìí, ẹ lọ̀ ọ́. Lórí ọlọ, ewé, ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ la ń kọ́kọ́ lọ̀ títí yóò fi kúnná bí ìpara. Ẹ wá kó píà sí i, ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀. Ẹ kó o sínú abọ́, ẹ da omi ọsàn sí i, ẹ rò ó, kí omi àgbọn wá tẹ̀ lé e ní ṣíbí ṣíbí. Ẹni tó bá ní bílẹ́ńdà, kó da omi àgbọn díẹ̀ àti omi ọsàn sísàlẹ̀, kó kó ìyókù lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀bẹ rẹ̀ á máa yí lásán. Kó má lo mílíìkì nípa ọ̀nà yìí, àgbọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ̀wà àná wà nínú ibẹ̀, ata àárọ̀ wà níbẹ̀, píà méjì á sì lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ tán kó tó jáde.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kó máa kán lẹ́nu ṣíbí, kó má ṣàn bí omi ẹ̀kọ, kó má sì dúró gbagidi bí ẹ̀bà. Ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá ṣe yọ́ọ́ lẹ́nu, iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kún un, kì í ṣe ọsàn. Ọ̀pọ̀ ló ń sáré fún ọsàn sí i títí ó fi ń pa wọ́n léyín, nígbà tó jẹ́ pé iyọ̀ ló kù. Bó bá ti kan jù, omi àgbọn á pẹ̀tù sí i.

Màmá kan tó ti ń ta ẹja gbígbẹ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dé ọjà wò wá títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọbẹ̀ tí iná ò rí, ọbẹ̀ ni ẹ pè é?" A rán wọn létí epo pupa tútù àti ata gígún tí gbogbo wa fi ń jẹ iṣu sísun. Wọ́n dákẹ́. A fún wọn ní díẹ̀ lórí ẹja. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní ó ku iyọ̀. A fi iyọ̀ sí i. Wọ́n tún na àwo wá.

ÀWỌN OHUN TÓ BÁ A RÌN

Ẹja díndín ni ọ̀gá. Ẹja sísun náà dára, pàápàá èyí tí awọ rẹ̀ jó díẹ̀. Dùǹdún, àkàrà gbígbóná, bọ̀ọ̀lì, ẹyin sísè, ẹran sísun, gbogbo rẹ̀ ló gbà á. Dòdò kò fi bẹ́ẹ̀ wù wá, adùn méjì tó yàtọ̀ ló ń jà lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ló sì ń rà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe táko gan-an lè po ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ àti fúláwà mọ́ omi gbígbóná àti iyọ̀, kó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kó yan án lórí páànù gbígbẹ, kó ká ẹja àti kábéèjì mọ́ ọn. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Mẹ́ksíkò gan-an, ṣùgbọ́n ó ń ká, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ń fọ́.

Pupuru ńkọ́? Rárá o. Ẹ fi pupuru sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ní ọbẹ̀ tirẹ̀.

OWÓ Ń BẸ NÍBẸ̀, EWU Ń BẸ NÍBẸ̀

Àwa ti wọ̀n ọ́n. Píà ńlá méjì yìí pẹ̀lú èròjà rẹ̀ ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kún agolo mílíìkì kékeré mẹ́rin. Ìyẹn tó ṣíbí ọbẹ̀ 40. Bí ẹ bá bu ṣíbí méjì sí àwo kọ̀ọ̀kan, oníbàárà 20 lẹ dá lóhùn. Ẹ wá jókòó kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye tí ẹ ra píà, àgbọn, ọsàn, ewé, ata, àlùbọ́sà, píọ̀ wọ́tà àti yìnyín. Ẹ má yọ yìnyín kúrò, òun la máa ń gbàgbé. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà 20. Ohun tó ná yín lórí àwo kan nìyẹn, ẹ fi èrè yín lé e. Ẹ fi wé iye ṣíbí méjì mayonnaise, kí ẹ fojú ara yín rí i. Ní àkókò tí píà pọ̀, kò sí àfiwé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí píà wọ́n, ẹ má fi ipá ṣe é.

Àwọn kan sọ pé ká máa fi ta oníbàárà lọ́rẹ. Lójú tiwa, ọ̀sẹ̀ kan péré ni, ní orí ṣíbí, kí wọ́n lè mọ adùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, owó ni. Ohun tí a bá ti fi ta èèyàn lọ́rẹ lóṣù kan, ìjà ló máa dà lọ́jọ́ tí a bá ní kí wọ́n sanwó.

Ó sì máa dára bí ẹlẹ́ja kan, ẹlẹ́so kan, aláta kan àti alágbọn kan bá dá ara wọn jọ. Píà tó rọ̀ lọ́sàn-án òní, tí kò ní tà di ọ̀la mọ́, ẹlẹ́ja á ti mọ̀ pé òun máa rà á ní owó tó dáa kó tó di ti ààtàn. Owó á máa yí láàárín wa.

Nísinsin yìí, ewu. Ẹ kà á dáadáa, nítorí ojú ibí yìí ni orúkọ ọjà wa wà. Bí ẹni kan bá jẹ ẹja lọ́dọ̀ obìnrin kan, tí inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ru, kò ní sọ pé lọ́dọ̀ lágbájá lòun ti jẹ ẹ́. Yóò ní, "Ọjà Àyèká ni."

Ọbẹ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ wà nínú ooru ju wákàtí 2 lọ. Bí oòrùn bá mú gan-an, wákàtí 1. Ọsàn wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kò lè pa gbogbo kòkòrò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Inú kúlà tó ní yìnyín ni kó máa gbé, kí ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀ síta. Ìwọ̀nba tí yóò tán lọ́jọ́ náà ni kí ẹ ṣe. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nírọ̀lẹ́, ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ yín bó bá ṣì wà nínú yìnyín, tàbí kí ẹ dà á nù. Ẹ má po ti àná mọ́ tòní láé. Ṣíbí tó kan ẹja tútù kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, oníbàárà kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹja tó ti gé jẹ ki bọ abọ́ ọbẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ bu fún un.

Ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ máa ń dúdú bó bá ti pẹ́ díẹ̀. Atẹ́gùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí píà, ọsàn wẹ́wẹ́ ló sì ń dá a dúró fúngbà díẹ̀. Ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó mọ́ lé ojú ọbẹ̀ náà gan-an, kó lẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe lé ẹnu abọ́ nìkan. Dídúdú yẹn nìkan kò sọ pé ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ń yọ ìfófòó, tàbí tí òórùn rẹ̀ yí padà bíi ti ẹmu, ẹ má tọ́ ọ wò rárá, ẹ dà á nù.

Àwọn kan ti ń bi wá bóyá a lè rọ ọ́ sínú ìgò, ká lẹ bébà mọ́ ọn, ká máa kó o fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Òkìtìpupa. Ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Oúnjẹ tí a bá dì sínú ìgò fún títà gbọ́dọ̀ ní nọ́ḿbà NAFDAC, ọbẹ̀ tútù bí irú èyí kò sì ní pẹ́ bàjẹ́ nínú ìgò láìjẹ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ló ṣe é. Orí àtẹ wa, nínú kúlà wa, kí ojú oníbàárà máa tó o, ibẹ̀ ni kó ṣì wà ná.

A máa sọ ọ̀rọ̀ kúlà àti yìnyín ní ìpàdé tó ń bọ̀, bóyá àwọn ẹlẹ́ja lè dáwó jọ ra kúlà ńlá kan fún ìsọ̀ wọn. Ẹni tó bá ti ṣe ọbẹ̀ yìí, kó bu díẹ̀ wá ká tọ́ ọ wò. Kó rántí mú ẹja tirẹ̀ dání o, ẹgbẹ́ kò ní ra ẹja fún ẹnikẹ́ni.